Nítorí Etí Ìyá Àgbà

                                        Yàrá Kẹrin, Àjà Kejì,
                                        Lókè Ṣọ́ọ̀bù Afọṣọ,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìwòsàn Eyín.
                                        Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹsàn-án.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, ayàwòrán ilé wa,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé dáadáa ni ẹ wà? Ṣé ara yín le? Ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn yín nígbà tí a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn ti fi yín lọ́rùn sílẹ̀? Ọkọ yín ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń bá rédíò jiyàn láràárọ̀ bí ẹni pé rédíò ń gbọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá jù lọ àbíkẹ́yìn yín tó sọ fún mi lórí fóònù pé òun kò fẹ́ràn ohùn mi? Ẹ bá mi kí i, ẹ sọ fún un pé ohùn náà ni mo ṣì ń lò, kó máa ní sùúrù fún mi. Gbogbo wa níbí wà dáadáa. Màámi wà. Orúnkún ń dùn wọ́n bí òjò bá ti ń ṣú, ṣùgbọ́n ẹnu kò dùn wọ́n rárá, ẹ kúkú mọ̀ wọ́n.

Ẹ ó ti máa rò ó pé kí ló dé tí mo fi ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà lápò mi. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè yín lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ní ẹ̀ẹ̀kínní, mo béèrè lọ́wọ́ yín bóyá òjò ń rọ̀ lọ́hùn-ún. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, mo tún béèrè òjò. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹ̀yin fúnra yín lẹ bi mí pé ṣé iṣẹ́ òjò ni mo ń ṣe báyìí. Ẹ rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, mo gbé fóònù sílẹ̀, mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, mo sì bú ara mi dáadáa. Ọ̀rọ̀ tó wà níkùn mi wúwo ju ohun tí ẹnu mi lè gbé lọ. Mo ní bóyá ọwọ́ á lè gbé e. Ọwọ́ náà ló kúkú ṣẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì tú ẹrù tí mo fi ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Ẹ kà á tán ná.

Ẹ rántí géèmù orí kọ̀ǹpútà tí èmi àti Ó-Kù-Díẹ̀ ti ń ṣe bọ̀ láti bí ọdún méjì. Ó-Kù-Díẹ̀ ni ọ̀rẹ́ mi tó ń kọ àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé. Ẹ̀yin lẹ tiẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ náà, nítorí pé ìgbàkígbà tí ẹ bá bi í pé iṣẹ́ dé ibo, á ní ó kù díẹ̀. Ó ṣì kù díẹ̀ o. Ìtàn inú géèmù náà kò le rárá. Ọmọdébìnrin kan gbé abọ́ oúnjẹ, ó ń gun àtẹ̀gùn ilé alájà méjìlá kan lọ bá ìyá rẹ̀ àgbà tó ń gbé lókè pátápátá. Ní àjà kọ̀ọ̀kan, aládùúgbò kan á dá a dúró. Ọ̀kan á ní kó bá òun wá kọ́kọ́rọ́, òmíràn á ní kó bá òun gbọ́mọ fún ìṣẹ́jú kan péré, ìṣẹ́jú kan náà á sì di mẹ́wàá. Bí ọmọ náà bá pẹ́ jù, oúnjẹ á tutù, á sì tún sọ̀ kalẹ̀ lọ gbé òmíràn. Àwa méjì péré là ń ṣe gbogbo rẹ̀ nínú yàrá mi, lórí tábìlì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú.

Ẹ rántí pẹ̀lú pé lọ́dún tó kọjá, ẹ ní ẹ máa bá mi ya àwòrán rẹ̀. Ẹ kò dúró kí n bẹ̀ yín. Ẹ ya ọmọ náà sórí ìwé kan, ẹ fi ránṣẹ́: ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé abọ́, ó yọ ahọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu bí ẹni tó ń ṣọ́ra kí ọbẹ̀ má dà. Kí ni mo fi dá yín lóhùn? Mo ní iṣẹ́ ọwọ́ máa ń pẹ́. Mo ní àwòrán tí a máa lò lé ní ọ̀ọ́dúnrún, pé ẹ̀rọ ti wà báyìí tó ní ọgbọ́n àtọwọ́dá, téèyàn bá ti tẹ ọ̀rọ̀ sí i, á ya ohun téèyàn sọ kéèyàn tó mu omi tán nínú ife. Ẹ ní, “Ó dáa, àbúrò mi. Ẹ̀rọ kì í kúkú rẹ̀.” Ohùn yín kò yí padà, ni mo bá gbà pé kò dùn yín. Èèyàn a máa gba ohun tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn gbọ́.

Bẹ́ẹ̀ èmi yìí kan náà ni mo jókòó tì yín lórí bẹ́ńṣì iwájú ṣọ́ọ̀bù yín nígbà tí àwọn onítẹ̀wé gbé ẹ̀rọ ńlá wọn dé, tí àwọn èèyàn kò gbé pátákó ìpolówó wá fún yín kùn mọ́. Búrọ́ọ̀ṣì yín wà nínú agolo, ó ti gan. Mo ní kí ẹ má dá wọn lóhùn, pé títí ayé, ẹ̀rọ kò lè ní irú ọwọ́ yín. Mo fọwọ́ sọ̀yà. Ẹ wo ọ̀rọ̀ tí mo fi ẹnu mi sọ o.

Kí n má parọ́, nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ náà wú mi lórí. Mo ní kó ya ọmọdébìnrin tó wọ aṣọ búlúù tó gbé abọ́, ó yà á, ó rẹwà. Mo ní kó ya ọmọ náà níbi tó ti ń gun àtẹ̀gùn. Ó ya ọmọ tó ń gun àtẹ̀gùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọmọ ẹlòmíràn ni. Imú ti yí padà. Bọ́tìnnì mẹ́rin ti di mẹ́fà. Mo ní kó yà á níbi tó ti ń kan ilẹ̀kùn, irun tó dì ti tú, bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún ti di sálúbàtà. Ní àjà kẹta, ó dà bí ọmọ ọdún méje, nígbà tó fi máa dé àjà kẹrin, ó ti tó ẹni tó ń lọ sílé ọkọ. Ó-Kù-Díẹ̀ ní irú àtẹ̀gùn wo rèé tó ń sọ ọmọ di àgbà báyìí, pé kí n má gùn ún o, mo ti lọ́gbọ̀n ọdún tẹ́lẹ̀. A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò ṣeé fi ṣẹ̀fẹ̀ lọ títí. Ẹni tó bá ń ṣeré náà gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ọmọ tí òun mú gòkè láti ìsàlẹ̀ náà ló ṣì wà lọ́wọ́ òun. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ló máa kàn án bí oúnjẹ tutù? Oṣù méjì gbáko la fi bá a fà á. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo mọ̀ ni mo tẹ̀ sí i. Mo bẹ̀ ẹ́, mo bú u, mo tún bẹ̀ ẹ́.

Níbi tí mo ti ń ka ohun tí àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ wa kọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì ni mo ti rí i pé bí èèyàn bá fẹ́ kí ẹ̀rọ náà dúró sójú kan, kó kó àwòrán tí ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo yà fún un, bí ọgbọ̀n tàbí ogójì, kó fi kọ́ ọwọ́ náà. Tó bá ti kọ́ ọ tán, ohunkóhun tó bá yà, ọwọ́ ẹni yẹn ni á máa fi yà á. Mo kà á tán, mo gbójú sókè, ojú mi sì lọ tààrà sí àpótí onírin tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi.

Ẹ mọ ohun tó wà níbẹ̀. Àwọn ìwé àwòrán yín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ẹ kó fún mi nígbà tí òrùlé yín ń jò. Ẹ fi ọ̀rá wé wọn lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ní, “Bá mi pa wọ́n mọ́. Ìwọ lo mọ ohun tó wà nínú wọn.” Ọdún mẹ́rin ni mo fi pa wọ́n mọ́. Eku kò fẹnu kàn wọ́n, omi kò kàn wọ́n. Èmi ni mo fọwọ́ kàn wọ́n, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ní kí n bá yín ṣọ́ ẹran, èmi tí mo ń ṣọ́ ọ náà ni mo jẹ ẹ́.

Ọ̀sán Sátidé kan ni. Mo tẹ́ aṣọ funfun sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mo ń ṣí ìwé náà lójú ewé kọ̀ọ̀kan, mo ń fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀. Ojú ewé mọ́kànlélógójì. Gbogbo ilé wa ló wà níbẹ̀: Ìyá Àgbà níbi tí wọ́n ti sùn lọ lórí àga tí ẹnu wọn là sílẹ̀, Màámi tí wọ́n ń nàka sí ẹnì kan tí a kò rí, àwọn aládùúgbò wa ìgbà náà, ológbò ilé kejì, àti èmi fúnra mi lọ́mọ ọdún mẹ́fà pẹ̀lú ikun nímú. Ẹ kò tiẹ̀ ṣàánú mi kí ẹ nù ún. Kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo gbé fóònù pé kí n pè yín, kí n gbàṣẹ. Mo rí orúkọ yín lójú rẹ̀. Mo wá ń sọ fún ara mi pé kí ló tiẹ̀ ṣẹlẹ̀, àwòrán náà kò ní dín, ìwé á padà sínú ọ̀rá rẹ̀ bó ṣe wà. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé mo mọ̀ pé ẹ lè sọ pé rárá. Ẹni tó bá dá lójú pé wọ́n á gbà fún òun kì í yọ́ nǹkan ṣe.

Ó sì ṣiṣẹ́. Ká ní kò ṣiṣẹ́ ni, ǹ bá ti rí àlàyé ṣe! Ọmọ náà dúró. Bó ń gun àtẹ̀gùn, òun ni. Bó ń kan ilẹ̀kùn, òun ni. Bó jókòó tó ń sunkún lórí oúnjẹ tó tutù, òun náà ni, bọ́tìnnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé sáyà rẹ̀. Àwọn aládùúgbò mọ́kọ̀ọ̀kànlá jọra wọn bí ẹni tó ń pọnmi nínú kànga kan náà. Ó-Kù-Díẹ̀ pariwo débi pé afọṣọ ìsàlẹ̀ kígbe sókè pé ta ló kú. Èmi náà fò sókè. Inú mi dùn, n kò ní tàn yín jẹ. Fún bíi wákàtí kan, inú mi dùn dé góńgó.

Lẹ́yìn náà ni Ó-Kù-Díẹ̀ sún mọ́ ojú kọ̀ǹpútà, ó ní, “Kí ló ṣe wọ́n létí?” Mo wò ó. Etí òsì ọmọ náà ti ya nísàlẹ̀, níbi tí yẹtí máa ń wà. Mo wo afìwéránṣẹ́ tó ń gbé ní àjà kejì, tirẹ̀ náà ya. Ti ọlọ́dẹ ya. Ti ọmọ ọwọ́ ya. Ti ológbò, ẹ̀gbọ́n mi, ti ológbò náà ya.

Ẹ̀yin lẹ sọ ìtàn etí yẹn fún mi, bí mo ṣe ń kọ ọ́ padà fún yín yìí, ojú ń tì mí. Ọmọ ọdún méjì ni yín, ẹ jókòó lórí ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà, ẹ rí yẹtí wọn tó ń dán, ẹ fà á, ó sì já etí wọn. Wọn kò jẹ́ kí dókítà rán an láéláé. Wọ́n ní etí náà ń gbọ́ràn bó ṣe wà, pé ti ẹ̀yin tí etí yín pé gan-an ni kì í gbọ́ràn. Láti ìgbà tí ẹ ti lè mú pẹ́ńsùlù, kò sí ẹni tí ẹ yà tí ẹ kò já etí òsì rẹ̀. Mo rántí ọjọ́ tí mo ké mọ́ yín pé etí mi kò já, kí ló dé tí ẹ já a nínú ìwé. Ẹ ní, “Bí n kò bá lè bá Ìyá Àgbà rán tiwọn, kó má jẹ́ àwọn nìkan ló já etí.” Ìyá Àgbà wo ìwé náà, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, wọ́n ní ẹ ti sọ gbogbo ayé di ọmọ àwọn. Ohun tí ẹ̀rọ náà kọ́ nìyẹn. Nínú gbogbo ohun tí ẹ fi ọwọ́ yín ṣe, ìyẹn ló rí lórí gbogbo ojú ewé, ìyẹn ló kọ́kọ́ dì mú.

Ó-Kù-Díẹ̀ ní, “Àbí àṣìṣe ẹ̀rọ ni?” Ó wò mí lójú, ó ń retí èsì. Kò mọ ibi tí mo ti rí àwòrán. Mo ti sọ fún un pé orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni mo ti ṣa wọ́n jọ. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti lè sọ òtítọ́, ilẹ̀ ò sì ní mì. Mo ní, “Àṣìṣe ẹ̀rọ ni.”

Mo wá tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀rọ náà pé kí etí pé. Ó tún já a. Mo ní kó fi irun bo etí. Ó fi irun bò ó lóòótọ́, ó wá fi ìsàlẹ̀ etí sílẹ̀ níta, ó já a. Gbogbo nǹkan ni mo lè yí i lọ́kàn padà lé lórí, àfi ìyẹn. Ó-Kù-Díẹ̀ ní ẹ̀rọ yìí mà lágídí o. Mo mọ ẹni tó fi jọ. Ni mo bá jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ ara mi dí ibi tí etí wọn ya lọ́kọ̀ọ̀kan lójú kọ̀ǹpútà. Àwòrán ọ̀ọ́dúnrún ó lé mẹ́rìndínlógún. Ọjọ́ mọ́kànlá gbáko ló gbà mí, èmi tí mo ní iṣẹ́ ọwọ́ máa ń pẹ́.

Nítorí kí ni mo ṣe dí wọn? Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí n sinmi. Àwọn tó máa ra géèmù náà kò ní bìkítà nípa etí. Nínú gbogbo àgbáyé, ẹ̀yin nìkan lẹ lè rí i kí ẹ sì mọ̀. Ẹ̀yin ni mo ń sá fún. Olè ni mí, mo ń fi ẹsẹ̀ nu ipasẹ̀ mi. Nígbà tí mo dé orí ìyá àgbà inú géèmù náà, níbi tí wọ́n ti ń ṣílẹ̀kùn fún ọmọ, mo dìde, mo lọ bójú níta, mo padà wá, mo sì dí i. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo lọ sí ojú ìwé àkọ́kọ́ géèmù náà, níbi tí a kọ “Ayàwòrán” sí, mo kọ orúkọ mi síbẹ̀.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á lé e bá. Tèmi kò pé ogún ọjọ́. Lọ́jọ́ Ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, Màámi wá kí mi. Mo po tíì fún wọn, mo gbé géèmù lé wọn lọ́wọ́ lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká mi, kí wọ́n lè rí i pé ọmọ wọn ń ṣe nǹkan gidi. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá rí wọn! Ìka kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ń tẹ aago ẹnu ọ̀nà. Wọ́n bú aládùúgbò àjà karùn-ún pé ó ń fi ọmọ ọlọ́mọ ṣòfò, wọ́n ní kí ọlọ́dẹ wá iṣẹ́ ṣe. Oúnjẹ tutù mọ́ wọn lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n ní ẹ̀bi àtẹ̀gùn ni. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, wọ́n dókè. Ilẹ̀kùn ṣí, ìyá àgbà yọjú, ó na ọwọ́ méjèèjì láti gba abọ́.

Màámi gbé e sún mọ́ ojú. Wọ́n ní, “Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ nìyí.”

Mo ní, “Ẹ̀rọ ni, Màámi.”

Wọ́n ní, “Ẹ̀rọ wo? Níbo ni ẹ̀rọ ti mọ ìyá mi?”

Wọ́n fi ìka wọn kan etí náà lójú dígí, wọ́n rọra fi ìka yí i po, bí wọ́n ṣe máa ń yẹ ojú rírán aṣọ wò bóyá ó le. Wọ́n wá béèrè pé, “Ta ló bá wọn rán etí wọn?” Mo ní èmi ni. Wọ́n ní ṣé ẹ mọ̀. Mo ní ẹ kò mọ̀. Wọ́n rọra gbé nǹkan náà sórí tábìlì bí ẹni tó ń tẹ́ ọmọ tó ń sùn. Wọn kò bú mi. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí Màámi kò bá bú èèyàn, ọ̀rọ̀ ti burú nìyẹn. Wọ́n wọ bàtà wọn, wọ́n ní ẹnu àwọn kọ́ ni ẹ máa ti gbọ́ ọ, pé ẹni tó bá da omi ni kó wá nù ún. Wọ́n lọ. Tíì wọn wà níbẹ̀ bí mo ṣe pò ó, n kò lè dà á nù títí di ọjọ́ kejì.

Ní ọjọ́ Ajé, mo jẹ́wọ́ fún Ó-Kù-Díẹ̀. Ó kọ́kọ́ bínú nítorí irọ́ tí mo pa fún un, lẹ́yìn náà ó tún bínú nítorí òtítọ́ tí mo sọ. Kò jẹ̀bi. Wọ́n ti fún wa ní tábìlì níbi àfihàn àwọn tó ń ṣe géèmù kéékèèké, ó ku ọ̀sẹ̀ méje, ọdún méjì la sì ti fi ń lé tábìlì yẹn. Ó ní gbogbo èèyàn ló ń ṣe é báyìí, ta ló fẹ́ ka etí? Mo ní ẹnì kan wà. Ó ní ta ni. Mo sọ ìtàn yẹtí náà fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó dìde, ó gbá ilẹ̀kùn mọ́ mi, n kò rí i fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹrin, ó dé pẹ̀lú búrẹ́dì lábíyá, kò kí mi, ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó yọ gbogbo àwòrán kúrò nínú géèmù náà. Àmì onígun mẹ́rin lásán ló fi rọ́pò wọn. Ọmọ náà di igun mẹ́rin búlúù, abọ́ oúnjẹ di funfun kékeré lórí rẹ̀, àwọn aládùúgbò ní àwọ̀ tiwọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó ṣe tán, ó ní òun náà ní ìyá àgbà. Ó wá ní kí n gé búrẹ́dì.

Ẹ lè wá tú ẹrù náà báyìí. Àwọn ìwé yín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wà nínú ọ̀rá yẹn. Ẹ ka ojú ewé wọn, ó pé. Àwòrán ọmọ tó yọ ahọ́n tí ẹ fi ránṣẹ́ lọ́dún tó kọjá ló wà láàárín èyí tó wà lókè, mi ò jù ú nù, mi ò sì fi kọ́ ẹ̀rọ, mi ò mọ ìdí rẹ̀, bóyá ojú rẹ̀ ń tì mí ni. Inú nǹkan kékeré dúdú tó wà nínú páálí, tí wọ́n fi ń kó nǹkan pamọ́ láti inú kọ̀ǹpútà, ni ohun tí ẹ̀rọ náà kọ́ lára yín wà, àti gbogbo àwòrán ọ̀ọ́dúnrún ó lé náà. Inú kọ̀ǹpútà mi nìkan ni wọ́n wà tẹ́lẹ̀, mo ti pa wọ́n rẹ́ níbẹ̀, mo pa fọ́tò orí fóònù náà rẹ́. Èyí tó wà lọ́wọ́ yín yìí nìkan ló kù. Bí ẹ bá fẹ́ fi òkúta fọ́ ọ, ẹ fọ́ ọ. Bí ẹ bá fẹ́ kó wà, ẹ̀yin ni kí ẹ sọ bó ṣe máa wà, orúkọ yín ló sì máa wà níwájú rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fọwọ́ ara yín yà á, a ó fi tábìlì wọn sílẹ̀ fún wọn, a ó sì dúró dè yín, kó tiẹ̀ gba ọdún mẹ́ta. Bí ẹ kò bá sọ nǹkan kan, igun mẹ́rin la máa gbé lọ.

Kò sí ohun tí mo lè tún ṣe lára etí wọ̀nyẹn. Mo gbìyànjú. Mo mú pẹ́ńsùlù, mo ní kí n já wọn padà bí ẹ ṣe ń já wọn, n kò mọ̀ ọ́n ṣe. Ti Ìyá Àgbà tí mo yà dà bí ẹni tí ajá bù jẹ. Ẹ̀rọ tí mo kọ́ mọ̀ ọ́n, èmi tí mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín fún gbogbo ìgbà èwe mi kò mọ̀ ọ́n.

Ẹ má tètè dárí jì mí, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ máa ń tètè dárí jì mí láti kékeré, ó wà lára ohun tó bà mí jẹ́. Ẹ bínú tó bó ṣe yẹ. Bí ẹ bá fẹ́ pè mí, ẹ pè mí. N kò ní béèrè òjò.

Ẹ bá mi kí ọkọ yín. Ẹ bá mi kí àwọn ọmọ. Ẹ kí ìyá tó ń ránṣọ ní ojúlé kejì yín, ẹ ní mo ṣì ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì wọn. Ó-Kù-Díẹ̀ ní kí n kí yín, ó ní òun kò mọ̀ nígbà náà, pé ká ní òun mọ̀ ni, òun ì bá ti lù mí. Màámi náà kí yín. Wọ́n padà wá lánàá, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tíì yẹn. Wọ́n ní kí n gbé géèmù náà fún àwọn. Wọ́n mú igun mẹ́rin búlúù gun òkè, wọn kò bú ẹnikẹ́ni lọ́nà, oúnjẹ kò sì tutù mọ́ wọn lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n dé àjà kejìlá, wọ́n bi mí pé èwo ni ìyá àwọn nínú ìwọ̀nyí. Mo fi hàn wọ́n. Wọ́n wò ó títí. Wọ́n ní, “Kò tiẹ̀ wá létí rárá.”

                                        Èmi ni àbúrò yín
                                        tí ẹ kó ìwé fún pé kó pa mọ́.